“Ṣé Ara Ti Yá?”

Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìkíni. Kò sí ohun tí èèyàn lè máa ṣe lábẹ́ ọ̀run tí a kò ní ìkíni fún. Ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń dirun, ẹni tó kàn jókòó lásán, gbogbo wọn ni a ní ohun tí a ó sọ fún. Bí a bá sì bá ẹni tó ń ṣàìsàn, a ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ara ti yá?” Òun náà á dáhùn pé, “Ara ti yá, a dúpẹ́.” Ọ̀rọ̀ bùṣe, ó tán.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kékeré yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Bó bá jẹ́ pé ibà ló ṣe èèyàn, ìbéèrè náà kò le. Ibà á dé, a ó lo oògùn, ibà á lọ, ara á yá. Ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn wà tí kì í lọ bọ̀rọ̀, tí kì í sì í pani lójú ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe pàápàá kò mọ̀ bóyá ó ti lọ tàbí ó kàn fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ṣé ara ti yá, kí ni kó wí? Bó bá ní ara ti yá, ṣé irọ́ ló pa? Bó bá sì ní kò yá, ṣé kì í ṣe pé ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi? Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi fúnra mi ti pa irọ́ náà rí, owó ńlá la sì fi san án.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ní òru ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀gúsí tí mo sì ti sùn, ìrora kan mú mi lókè ikùn, lábẹ́ igbá àyà gan-an, ó sì gún mi títí dé ẹ̀yìn bí ẹni pé wọ́n fi irin gbígbóná gba inú mi kọjá. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á tún le sí i. Àfi kí n jókòó, kí n tẹ̀ síwájú, kí n di orúnkún mú. Mo bì, mo bì, títí kò fi sí ohunkóhun mọ́ nínú mi, síbẹ̀ èébì kò dúró. Ìyàwó mi ní ká máa lọ sí ọsibítù. Mo ní rárá, ọgbẹ́ inú lásán ni, kó lọ kan ilẹ̀kùn oníkẹ́míìsì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, n kò lè dá dìde mọ́. Àwọn aládùúgbò ló gbé mi sínú ọkọ̀.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi, dókítà sì wá dúró tì mí, ó ní pancreatitis ni. N kò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ yín tó ń jẹ́ pancreas. Òun ló wú.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Pancreas kò tóbi. Gígùn rẹ̀ kò ju bí ìnṣì 6 lọ. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Èkíní, òun ló ń pèsè insulin tó ń káwọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí Frederick Banting àti Charles Best ṣàwárí ní Toronto ní 1921, tó sì sọ àtọ̀gbẹ di àìsàn tí èèyàn lè bá gbé. Èkejì, ó ń pèsè omi kan tó lágbára, tó ń ṣàn lọ sínú ìfun láti yọ́ ẹran àti ọ̀rá tí a bá jẹ. Ẹ rò ó wò ná: omi tó lè yọ́ ẹran màlúù! Kí ló dé tí kì í yọ́ pancreas fúnra rẹ̀? Ẹran ṣáà lòun náà. Ọlọ́run ti ṣètò rẹ̀ pé kí omi náà máa sùn títí yóò fi dé inú ìfun, ibẹ̀ ni yóò ti jí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá dí, tàbí bí ohun mìíràn bá da ètò yẹn rú, omi náà á jí sílé, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹni tó pèsè rẹ̀. Láti 1896 ni Hans Chiari, dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Prague, ti sọ pé ara rẹ̀ ni ẹ̀yà yìí ń jẹ. Àwọn àgbà tiwa náà kúkú ti wí i pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ibi tí ẹnì kan ti gbọ́ ọ, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti ń wo ara wọn lójú pé irú àìsàn yìí, ọtí ló ń fà á. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ohun méjì tó ń fà á jù lọ ni òkúta inú òróòro àti ọtí àmujù. Àwọn mìíràn tún wà: ọ̀rá tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn oògùn kan, kí nǹkan gbáni níkùn, kó sì jẹ́ àbímọ́. Ní erékùṣù Trinidad, oró àkekèé kan pàápàá máa ń fà á. Àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà sì máa ń ní òkúta inú òróòro ju àwọn ẹlòmíràn lọ, wọn ò sì fẹnu kan ọtí. Àwọn kan tún wà tí dókítà á wá ìdí tiwọn títí, tí kò ní rí i.

Tèmi, òkúta ni. Òkúta kékeré kan ló yọ́ jáde nínú òróòro tó lọ dí ẹnu ọ̀nà tí omi pancreas ń gbà. Ẹ ò bá rí bí inú mi ṣe dùn! Kì í ṣe pé ìrora lọ o. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé n kò jẹ̀bi. Gbogbo ẹni tó bá ti wọlé ni mo ń sọ fún sókè pé, “Tèmi kì í ṣe ti ọtí o! Òkúta ni wọ́n bá níbẹ̀!”

Awakọ̀ kan tó ń na Èkó sí Ìbàdàn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi. Àìsàn kan náà ló ń ṣe àwa méjèèjì. Tirẹ̀, ọtí ni, òun náà kò sì jiyàn. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ mi yẹn bí ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo rí i tó fa aṣọ bo orí. Kò sùn o. Mo rí èjìká rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Omi tí mo fi ń wẹ ara mi mọ́, orí ẹnìkejì mi ni mò ń dà á sí. Lóòótọ́, ìdí àìsàn ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ ọtí ló fà á, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, kó sì jáwọ́ nínú sìgá pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àìsàn náà á sọ ibẹ̀ dilé. Ṣùgbọ́n ìdí yàtọ̀ sí ẹ̀bi. Dókítà ń bèèrè ìdí kó lè mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Àwa tó kù ń bèèrè ìdí ká lè mọ ẹni tí a kò ní káàánú. Ṣebí nínú àwọn tó ń wo awakọ̀ yìí tìkà-tẹ̀gbin, àwọn kan wà tí ń mu jù ú lọ, tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n? Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mùtí ni àìsàn yìí kì í mú. Bí èèyàn bá sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn já sínú kànga, ṣé ẹ̀sùn là ń dúró kà sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu kànga ni, àbí okùn là ń wá?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ara yíyá. Nínú 100 èèyàn tí àìsàn yìí bá kọlù lójijì, nǹkan bí 80 ni tiwọn kì í le, tí wọ́n sì máa ń padà sílé láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí 20 tó kù ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń lọ́jú pọ̀. Èmi bọ́ sáàárín 20. Apá kan nínú pancreas mi kú, omi sì kó jọ yí i ká. Mo ní kí wọ́n là mí níkùn kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Dókítà ní wọn kì í kánjú ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó ń lé wọn, wọ́n máa ń fún un tó ọ̀sẹ̀ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ara lè mọ odi yí ìdọ̀tí náà ká, nígbà mìíràn ara á tilẹ̀ fúnra rẹ̀ fà á mu. Mo ní, “Nínú méjèèjì, èwo ni tèmi?” Ó wò mí, ó ní, “Bàbá, a ò tíì mọ̀.”

Inú bí mi gidigidi. Dókítà tí kò mọ̀, dókítà wo nìyẹn? Ṣebí àwọn yòókù mọ̀! Wòlíì kan wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní ọjọ́ 7 péré ló kù. Obìnrin alágbo kan fi ìgò ránṣẹ́ sí mi, ó ní ìgò kan ṣoṣo ni yóò fọ gbogbo rẹ̀ jáde. Ìbátan mi kan láti ilé ní òun tilẹ̀ mọ ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wọn, àfi ẹni tó fi ọdún gbọọrọ kọ́ iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n òru pọ̀ ní ọsibítù fún ẹni tí kò rí oorun sùn, mo sì ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Dókítà kan náà ló sọ fún mi pé nígbà kan rí, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ní àìsàn yìí fi oúnjẹ kan ẹnu fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n ní kí pancreas lè sinmi. Nígbà tó yá, wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ó sàn kí èèyàn tètè máa jẹun bó bá ti lè jẹ ẹ́. Ká ní wọ́n ti dá ara wọn lójú jù ni, ta ni ìbá wádìí? Ẹni tó ní òun kò tíì mọ̀, ó ṣì ń wò ọ́. Ẹni tó ti mọ̀ tán, ó ti kọjú síbòmíràn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí “a ò tíì mọ̀” bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, bó ti wù kó korò tó.

Ó wá ku irọ́ tèmi tí mo ṣèlérí pé n ó sọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Wọ́n kìlọ̀ fún mi: kí n má jẹ ọ̀rá púpọ̀, kí n má fẹnu kan ọtí, kí n máa jẹun díẹ̀ díẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, kí n padà wá kí wọ́n yọ òróòro, nítorí òkúta ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè tún ṣe bó ti ṣe. Ìyàwó mi ti kó èsúsú sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ náà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ní 2022 pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìbánigbófò ìlera, ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, nínú kókó aṣọ ìyàwó mi ni ìbánigbófò wà.

Mo délé. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí pé ṣé ara ti yá. Ìyàwó bèèrè, àwọn ọmọ bèèrè, oníbàárà bèèrè, lánlọ́ọ̀dù bèèrè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ń ṣàlàyé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo ń kùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo ní, “Ara ti yá pátápátá!” Ẹ wo bí ojú gbogbo wọn ṣe tàn! Ó ti sú mi kí n máa jẹ́ ẹni tí à ń bẹ̀ wò. Ojú ń tì mí pé obìnrin ló ń bọ́ mi. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé bí mo bá ń pe àìsàn náà lórúkọ, yóò dá mi lóhùn. Ìyàwó mi bi mí pé owó iṣẹ́ abẹ ńkọ́. Mo ní kó fi ra ìrẹsì sọ́jà kó tó wọ́n sí i, n kò gbọ́ ìrora kankan mọ́. Òótọ́ ni, ìrora ti lọ. Òkúta ni kò lọ.

Ó gbà mí gbọ́, ó ra ìrẹsì. Oṣù kan kò pé tí mo fi ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. A ta ìrẹsì náà ní àtàpàdánù, a tún yá owó lé e. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ìgbà tí mo lè sọ̀rọ̀, ó kàn fà mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Bàbá Ìbejì, bí mo bá tún bi yín pé ṣé ara ti yá, kí ni kí n fi ìdáhùn yín ṣe?”

Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi. N kò tíì gbọ́ èyí tó tó ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti ń rò ó pé ara mi ni mò ń parọ́ nípa rẹ̀, pé ara mi sì ni mo ni ín. Irọ́ ni. Ìròyìn ara aláìsàn, àwọn ará ilé ló ń gbé lé e. Òun ni wọ́n fi ń mọ èyí tí wọ́n á ná àti èyí tí wọ́n á dì mọ́ kókó, ọjọ́ tí wọ́n lè rìnrìn àjò àti ọjọ́ tí wọn ò lè kúrò nílé. Ẹni tó bá fún wọn ní ìròyìn èké ti fi wọ́n sórí afárá tó ti já.

Ẹnì kan á ní, “Ṣé kí èèyàn wá máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi ni?” Rárá o. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ èdè wa dáadáa. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. “Ara á yá”: àdúrà nìyẹn, kò sí ìgbà tí kò tọ́. “Ara ń yá”: ìrìn àjò nìyẹn, a wà lọ́nà. “Ara ti yá”: a ti dé nìyẹn. Àdúrà kì í ṣe irọ́, bẹ́ẹ̀ ni àdúrà kì í ṣe ìròyìn. Mo fi “ti” síbi tó yẹ kí n fi “ń” sí, ohun tó kó wa sí gbèsè nìyẹn. Àwọn baba wa pàápàá kò sọ pé ohun tí wọ́n gbọ́ lónìí ni yóò wà títí ayé. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Àwọn tó ní Ifá gan-an ń padà lọ bèèrè. Ta ni èmi tí mo fẹ́ dá a lẹ́ẹ̀kan kó tán?

Mo tún pàdé awakọ̀ náà lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí a ti ń dúró de dókítà. Ó ti rù, ṣúgà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, abẹ́rẹ́ insulin ló ń gbà, ṣùgbọ́n kò mu ọtí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ ọsibítù. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo mu ún, n ò ní parọ́. Àmọ́ lóru ọjọ́ yẹn, ìgbe kan náà ni àwa méjèèjì ń ké.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì rí èsì fọ̀.

Ní báyìí, wọ́n ti yọ òróòro mi. Mò ń lo hóró oògùn pẹ̀lú oúnjẹ, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ omi tí pancreas mi kò lè pèsè tó mọ́. Mò ń yẹ ṣúgà wò. Oṣù kan á kọjá tí n kò ní rántí pé mo ní inú. Ní òru ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ lásán á ta mí lókè ikùn, n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ á fi mọ́, n ó máa bi ara mi pé ṣé òun ti dé. Dókítà ní ó lè má padà wá mọ́ láéláé. Ó tún ní òun kò lè búra. Èmi náà ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń gbé láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú aláìsàn yìí nílé, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ má gbé àkàrà àti ẹran díndín lọ bá a pé kó jẹ ẹ́ kó lè lágbára. Ẹ má wádìí ohun tó fà á bí ẹ kì í bá ṣe dókítà. Ẹ má sì fi ipá gba “ara ti yá” lẹ́nu rẹ̀ kí ọkàn tiyín lè balẹ̀.

Ìyàwó mi ti yí ìbéèrè rẹ̀ padà. Láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń múra ọjà, ó ní, “Ti òní ńkọ́?”

Mo ní, “Òní dára. Ọ̀la, a ò tíì mọ̀.”

Ó ní, “Ó dáa.” Ó yẹ kókó owó tó wà létí aṣọ rẹ̀ wò, ó tún un dì dáadáa, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ síta.